Bàtà Tí Wọ́n Rán Lẹ́nu

Ìyàwó Dókítà ló kọ́kọ́ rí i. Ó jí láàárọ̀ láti gbá ẹnu ọ̀nà, ló bá rí gbogbo bàtà ọkọ rẹ̀ tí wọ́n kọjú síbì kan náà: bàtà iṣẹ́, bàtà ìjáde, sálúbàtà ilé ìwẹ̀, títí kan bàtà òjò onírọ́bà tí kò wọ̀ láti èṣí. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìgbà tí àwọn èèyàn tí a ò rí bá wọ̀ wọ́n, tí wọ́n ń dúró kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn.

"Dókítà, ẹ̀yin lẹ to bàtà báyìí?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín láti inú yàrá. "Èmi tí o ń bá jà lójoojúmọ́ pé mò ń ju bàtà káàkiri?"

Obìnrin náà fi ìgbálẹ̀ tú wọn ká, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dókítà wẹ̀ tán tó jáde wá wọ bàtà, wọ́n ti tún tò. Kò sẹ́ni tó wọlé, kò sẹ́ni tó jáde. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó gbójú sókè wo ibi tí àwọn bàtà náà kọjú sí, ó wò ó kọjá ọgbà, kọjá táǹkì omi, kọjá àwọn ilé gogoro tó wà lẹ́yìn títì. Ó mọ ohun tó wà níhà ibẹ̀. Ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ ni.

Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó wọ bàtà, ó lọ síbi iṣẹ́, àmọ́ ńṣe ló ń tiro bí ẹni tí òkúta wọ̀ ní bàtà.

*

Ọmọ ìyá mẹ́ta ni wọ́n. Abọ́ kan náà ni wọ́n fi jẹun, pàṣán kan náà ló nà wọ́n, ṣùgbọ́n ìka ò dọ́gba.

Èyí àgbà, obìnrin, ni aránṣọ. Èyí àárín di awakọ̀ akẹ́rù. Má-dúró ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí pé tíì kì í tutù níwájú rẹ̀ kó tó dìde. Àbígbẹ̀yìn ni Dókítà, dókítà eyín ní ìlú ńlá, tí ìyá wọn ń pè ní Kékeré láti ọjọ́ tó ti bí i.

Kì í ṣe Kékeré ló yẹ kó lọ sí ìlú ńlá. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àbúrò bàbá wọn wá láti ọ̀hún, ó ní òun máa mú ọmọ kan lọ tọ́, kí ó lọ ilé-ìwé gidi. Ọmọbìnrin ló mú, torí orí rẹ̀ pé jù. Wọ́n ra bàtà aláwọ tuntun fún un, pupa rúsúrúsú, onírin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjọ́ kan péré ló fi wọ̀ ọ́. Ó ń yí ilé po, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, ìyá wọn dìde, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Ta ni yóò máa bá mi pọn omi? Ta ni yóò máa dáná? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọkùnrin yìí dípò. Òun ò tíì wúlò fún mi."

Bí wọ́n ṣe bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ Aránṣọ nìyẹn, tí wọ́n ki bébà sí imú bàtà náà, tí wọ́n fi wọ Kékeré. Nígbà tó wá fún ìsinmi lọ́dún kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ju bàtà náà lọ. Ó jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbàgbé rẹ̀. Aránṣọ ò gbàgbé.

Ọdún gorí ọdún. Àrùn rọpárọsẹ̀ wá kọlu ìyá wọn, ó pa apá kan ara rẹ̀, ó sì gba gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ àyàfi ẹyọ kan.

"Kékeré dà?"

Aránṣọ á fọ ọ́ ní ẹnu, á yí i nídìí, á fi ṣíbí bu omi ẹ̀kọ fún un.

"Kékeré dà?"

"Èmi nìyí, Màmá. Èmi ọmọ yín nìyí."

Ìyá á wò ó bí ẹni tó ń wo gíláàsì fèrèsé, tó jẹ́ pé ohun tó wà lẹ́yìn gíláàsì ló ń wò. Láti àárọ̀ di alẹ́. Kékeré dà? Kékeré dà?

Aránṣọ pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù títí. "Mò ń bọ̀, Àǹtí," ni Dókítà máa ń sọ. "Jẹ́ kí iṣẹ́ fúyẹ́ díẹ̀." Mò-ń-bọ̀ náà pẹ́ débi pé Má-dúró ní ó ti hu irùngbọ̀n, ó kù kó gbéyàwó.

Iṣẹ́ kọ́ ló ń dá Dókítà dúró. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò lè wò. Ó mọ̀ pé àga ẹlòmíràn lòun jókòó lé.

*

Aṣebàtà kan wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Wọ́n ń pè é ní Oníṣòó-lẹ́nu, torí pé ìṣó kì í kúrò láàárín ètè rẹ̀. Àárín ìṣó náà ni ọ̀rọ̀ ti máa ń yọ́ jáde. Àwọn tó gbé bàtà lọ bá a pọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ kó gbá gìgísẹ̀.

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí Aránṣọ débẹ̀, kí bàtà Dókítà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Ó mú ẹsẹ̀ òsì bàtà pupa ìgbà èwe náà jáde lábẹ́ aṣọ.

"Mo fẹ́ kí ó wálé, Bàbá. Mi ò fẹ́ kí ó kú o."

"Ta ló dárúkọ ikú? Ẹsẹ̀ là ń sọ." Ó yí bàtà náà po, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ inú rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ta ló kọ́kọ́ wọ ibí?"

Aránṣọ wolẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ bàtà yẹn fún ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, ẹkún ló máa jáde, òun ò sì ní sunkún níwájú ẹni tí òun ò mọ̀.

"Tiẹ̀ ni," ló wí.

"Ó dá ọ lójú?"

"Tiẹ̀ náà ni."

Ọkùnrin náà wò ó lójú. "Awọ kì í gbàgbé o, Aránṣọ."

Ó ki nǹkan kan sínú bàtà náà, nǹkan tí a fi aṣọ dúdú wé, tó ń mira díẹ̀. Aránṣọ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin náà wá mú abẹ́rẹ́ àti okùn tí wọ́n fi ìda pa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán bàtà náà lẹ́nu. Bó ṣe ń fa okùn ló ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́:

"Odò kì í ṣàn kó gbàgbé orísun. Èéfín kì í ga kó gbàgbé ààrò. Ẹsẹ̀ tó jáde lábẹ́ òrùlé yìí, títì kì í ṣe ibùsùn rẹ, ilé àjèjì kì í ṣe ibi ìsinmi rẹ. Dáhùn, Aránṣọ."

"Máa bọ̀," ni Aránṣọ wí.

"Tún un sọ."

"Máa bọ̀. Máa bọ̀."

Nígbà tó rán an tán, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Bàtà náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. "Kọjú rẹ̀ sínú ilé. Má jẹ́ kó kọjú síta láé. Má sì tú u. Bí o bá tú u kí ẹsẹ̀ tó dé, ẹsẹ̀ yẹn ò ní mọ ibi tó ń lọ mọ́."

*

Ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ ló wà lórí àga Dókítà. Iná ńlá tàn sí i lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di apá àga mú.

"Ẹ ya ẹnu yín dáadáa, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira."

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín ń kùn. Dókítà tẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Ni òtútù kan bá kan gìgísẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ atẹ́gùn gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó wolẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti sún sẹ́yìn. Ó fà á padà. Ó tún sún. Èyí ọ̀tún náà tẹ̀lé e.

Ẹsẹ̀ ń lọ, ọwọ́ ṣì wà lẹ́nu aláìsàn.

"Dókítà?" Nọ́ọ̀sì rẹ̀ gbójú sókè. "Dókítà, níbo lẹ ń lọ?"

Igbe ìyá olùkọ́ náà ló dá a lóhùn. Ẹ̀rọ ti yà kúrò lára eyín, ó ti la ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú. Ẹ̀jẹ̀ bo àyà aṣọ rẹ̀. Dókítà ń pariwo "Ẹ dákun, ẹ dákun, ẹ dákun," bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń jáde, tó fi èjìká ṣílẹ̀kùn, tó fi gba àárín àwọn tó ń dúró kọjá.

Oríta ni nọ́ọ̀sì ti bá a, ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́jẹ̀ lọ́wọ́, aṣọ funfun lọ́rùn, tó ń rìn láàárín ọkọ̀. Awakọ̀ kan yọjú bú u: "Dókítà, ṣé eyín ló já mọ́ ọ lọ́wọ́ tí o ń lé e káàkiri?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀, wọ́n fi òòlù kékeré lù ú lórúnkún. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní kí ó sinmi.

Nígbà tí wọ́n délé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú bí ẹni di ewúrẹ́ mú.

"Jẹ́ n lọ sílé," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Mo mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Màmá ń pè mí."

"Ìyá yín tí ò lè yíra padà? Ìyá yín kọ́ ló ń pè yín." Ojú obìnrin náà ti pọ́n. "Ẹni tó bá gba inú òkùnkùn pe èèyàn, Dókítà, inú òkùnkùn ló máa gbà á sí. Ẹ ò lọ síbì kankan."

*

Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ kan ni wọ́n júwe fún ìyàwó Dókítà, arúgbó kan tó ń lọ aṣọ nínú ilé páànù kan tó kún fún ooru. Àwọn aṣọ funfun rọ̀ sókè bí àwọn tí kò lórí. Ìyá náà ò kí i. Ó na ọwọ́, ó gba ìbọ̀sẹ̀ Dókítà tó mú wá, ó gbé e sí imú.

"Wọ́n ń fà á."

"Ta ni, Ìyá? Ta ni ọ̀tá náà?"

"Ìbá ṣe pé ọ̀tá ni, ọ̀rọ̀ ìbá rọrùn. Ọ̀tá a máa sùn." Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ náà lé orí tábìlì. "Ẹni tó ń fà á yìí fẹ́ràn rẹ̀. Irú wọn kì í sùn."

"Ẹ bá mi gé okùn tí wọ́n fi ń fà á."

"Okùn tí wọ́n bá gé, ìpẹ̀kun méjèèjì ló máa já bọ́. Mi ò ní gé e. Mo máa yí i padà. Mo máa de ọkọ rẹ mọ́lẹ̀, kí ọ̀nà sì lọ bá ẹlòmíràn tí bàtà tí wọ́n fi ń fà á mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ó bá wà. Bí kò bá sí, ìpè náà á rẹ̀, á kú sójú ọ̀nà."

"Bí ó bá wà ńkọ́?"

Arúgbó náà gbé ayọ́ọ̀nù lé ìbọ̀sẹ̀ náà. Èéfín tó gòkè kò rùn bí aṣọ tó ń jóná. Ó rùn bí irun.

"Ìyẹn kì í ṣe ọkọ rẹ, àbí?"

Okùn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí arúgbó náà fún un ni obìnrin náà gbé délé, tó tutù bí èjìká òkú. Ó so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ Dókítà. Lójú ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ dákẹ́. Ó sùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́. Obìnrin náà jókòó tì í, ó ń dúpẹ́. Kò tíì rí bí awọ tó wà lábẹ́ okùn náà ṣe ń dúdú bọ̀.

*

Ẹ̀rọ ìránṣọ Aránṣọ jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rán apá aṣọ kan tán, ó gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ̀rọ ò dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lọ, kíá, kíá, kíá. Abẹ́rẹ́ rán apá mọ́ ọrùn, ó rán ọrùn mọ́ ẹ̀yìn, ó ṣẹ́, kùkùté rẹ̀ ṣì ń gún irin. Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tó gbé e lélẹ̀, ẹsẹ̀ náà kọjú sí ìta.

Ó sáré lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàtà tí òun fúnra rẹ̀ kọjú rẹ̀ sínú ilé ti yí. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

Lọ́la ẹ̀, ó ń fún ìyá ní oúnjẹ. Ohun tó tún mọ̀ ni oòrùn tó ń jó o lójú. Òpin àdúgbò ló wà, ṣíbí lọ́wọ́, láìwọ bàtà, àwọn aládùúgbò ń kí i, ó sì ń kí wọn padà. Ó fi igbe bọnu, ó ja ara rẹ̀ gbà, ó rá kòrò padà sílé lórí ọwọ́ àti orúnkún. Oúnjẹ ti dà sí ọrùn ìyá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun.

"Kékeré dà?" ni ìyá wí.

Aránṣọ fi aṣọ di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ irin ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní kí aládùúgbò kan bá òun pe Oníṣòó-lẹ́nu wá.

Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó wo aṣọ tó fi so ẹsẹ̀.

"O purọ́ fún mi."

"Ojú ló tì mí, Bàbá."

"Ojú tì ọ́. Ìwọ lo kọ́kọ́ wọ bàtà yẹn, o wá fi pe ẹlòmíràn. Ẹnì kan ti de ti ọ̀hún mọ́lẹ̀, tìrẹ ló kù tí ọ̀nà ń gbé."

"Ẹ tú u! Ẹ dákun, ẹ tú u!"

"Bí àwọn ọ̀hún ò bá kọ́kọ́ tú tiwọn, tí mo bá tú tiwa, o lọ nìyẹn." Ó wọlé wàyí, ó fa bàtà náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tu ìṣó kan sí ọwọ́, ó sì fi kàn án mọ́ ilẹ̀ pákó. Dókítà, ní ìlú tó jìnnà réré, kígbe láti ojú oorun, ó di àtẹ́lẹsẹ̀ mú.

*

Má-dúró ló kọ́kọ́ lóye rẹ̀, torí òun nìkan ló ń rí ilé méjèèjì. Ó já ẹrù ní ìlú ńlá, ó yà kí àbúrò rẹ̀, ó bá a tó ti gbẹ, tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù.

"Bọ̀dá mi," ni Dókítà wí, "ẹ gbé mi lọ sílé."

Má-dúró ò jiyàn. Ó gbé e sẹ́yìn, ó kọrí sí ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà, egungun kan ké nínú ẹsẹ̀ Dókítà, bí igi gbígbẹ. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe igbe èèyàn. Má-dúró dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó wa, kí lẹ ṣe fún ọmọ ìyá mi?"

"Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín kí ló ṣe fún ọkọ mi!"

Ó wakọ̀ padà sílé, ó bá Aránṣọ lórí ìdè. Ó gbọ́ tiẹ̀ náà. Ó jókòó sílẹ̀, òun tí kì í jókòó, ó sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló dá ọgbọ́n. Ó ní ní ọ̀sán Sátidé, kí àwọn méjèèjì tú u lẹ́ẹ̀kan náà. Òun á wà lórí fóònù pẹ̀lú wọn. Ìyàwó á gé okùn, Oníṣòó-lẹ́nu á tú bàtà. Kò sẹ́ni tó máa ṣáájú, kò sẹ́ni tó máa kẹ́yìn.

"Ọmọ ìyá ni wá," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká gba ara wa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí."

Sátidé pé. Òjò ńlá ń rọ̀. Má-dúró gbé ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó di fóònù kan mọ́ etí ọ̀tún, ó di òmíràn mọ́ ti òsì, ó ṣí ohùn méjèèjì sókè kí wọ́n lè máa gbọ́ ara wọn.

"Ó yá. Ẹ tú u."

Ìyàwó Dókítà mú àlùmágàjí. Ó wo okùn, ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Bí mo bá gé e, tí àwọn yẹn ò tú tiwọn ńkọ́? Ó fi àlùmágàjí gé atẹ́gùn, kí ìró rẹ̀ lè dún. "Mo ti gé e," ló wí.

Oníṣòó-lẹ́nu fi ọ̀bẹ kan okùn bàtà. Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wo ìyá lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá lọ, ta ló kù pẹ̀lú rẹ̀? Ó mi orí. "A ti tú u," ló wí.

"Ẹ ṣeun o," ni Má-dúró wí. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọlọ́run á bù kún yín."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò purọ́. Dókítà, lórí bẹ́ẹ̀dì, gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ní òun ti gé e. Ó wolẹ̀, ó rí okùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gbọingbọin. Ó wo obìnrin náà. Kò bínú. Láti inú fóònù, ohùn tó rẹlẹ̀ gan-an ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀: Kékeré dà? Ó gba àlùmágàjí lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gé okùn náà fúnra rẹ̀.

*

Bí okùn ṣe já lọ́hùn-ún, ìdè tó wà lẹ́sẹ̀ Aránṣọ fàya bí bébà. Oníṣòó-lẹ́nu wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sá jáde sínú òjò. Wọn ò rí i ládùúgbò náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Aránṣọ di igi bẹ́ẹ̀dì mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fà á. Ó di ilẹ̀kùn mú. Èékánná rẹ̀ ha pákó. "Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin aráalé!" Òjò ń lu páànù, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ohun tó rí gbẹ̀yìn nínú ilé náà ni ọwọ́ kan ṣoṣo tó yè lára ìyá rẹ̀, tó nà síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Màmá, mò ń bọ̀!" ló ń ké lọ lójú títì. "Mò ń bọ̀ o, Màmá!"

Nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, Dókítà wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé. Láti fèrèsé ló ti rí obìnrin kan lódìkejì títì, tí téèpù ìwọnṣọ rọ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń rìn kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń tì. Ó gbá gíláàsì. "Àǹtí! Àǹtí!" Obìnrin náà gbójú sókè. Wọ́n rí ara wọn. Kò dúró, òun náà ò lè dìde lórí àga. Bọ́ọ̀sì kọjá.

Ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tó délé. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ẹnu ọ̀nà. Ó ti já bọ́, ó sì ti fi ọwọ́ kan wọ́ ara rẹ̀ débi tó lè dé. Ara rẹ̀ ti tutù.

Dókítà jókòó tì í. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sinmi pátápátá. Wọ́n ti délé.

*

Má-dúró ló sin ìyá wọn. Dókítà fẹ́ tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n bó bá gbé ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀, á ṣubú sínú ilé. Inú yàrá ló ti gbọ́ ìró ṣọ́bìrì. Ó tú bàtà náà, ó fi ọ̀bẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó dáná sun ún. Kò sí ohun tó yí padà.

Aránṣọ dé ìlú ńlá lẹ́yìn ìrìn tí kò mọ iye ọjọ́ rẹ̀. Ó wọ ilé Dókítà, ó jókòó sí àga pálọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dákẹ́. Òun náà ò lè jáde mọ́. Láti fèrèsé, ó ń wo àwọn ilé gogoro àti àwọn ọmọ tó ń lọ ilé-ìwé nínú aṣọ tó gún régé. Ìyàwó Dókítà ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kì í bá a sọ̀rọ̀. Ó padà lọ bá alágbàfọ̀ náà. Arúgbó náà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, ó béèrè bóyá aṣọ ló gbé wá.

Má-dúró ń wakọ̀ láàárín ilé méjèèjì. Kì í dá àpárá mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Dókítà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́. Báwo ni ilé?"

"Ó ń jò."

"Apá ibo?"

"Òkè bẹ́ẹ̀dì Màmá."

"Báàfù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbé e síbẹ̀."

Aránṣọ gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ọ. Ó gbọ́ bí omi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú rẹ̀.

"Tó bá kún," ni Aránṣọ wí, "dà á síta, kó má baà ba ilẹ̀ jẹ́."

"Mi ò lè dé ìta, Àǹtí."

Kò sẹ́ni tó pa fóònù nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n jókòó, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún, wọ́n ń gbọ́ bí báàfù ṣe ń kún.